Ẹran wo ni ẹni tí kì í sí nílé lè sìn tí kò ní di wàhálà? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tèmi:
Ẹ kú ùrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀ torí inú ń bí mi. Àdó là ń gbé, apá Àjílósùn, ṣùgbọ́n Ìkọ̀lé ni iṣẹ́ mi wà, ilẹ̀ ò tí ì mọ́ tí mo fi máa ń wà ní páàkì, tí n bá sì fi máa padà dé ilẹ̀ ti ṣú, ìgbà míì ọkọ̀ máa dúró títí ó fi máa kún. Ọkọ mi wà ní Àbújá, ìparí oṣù ló ń wálé, tó bá sì dé kò mọ̀ ju kó jókòó kó máa béèrè uyán. Ọmọkùnrin mi wá ní òun fẹ́ ẹran tí òun á máa bá ṣeré, kò jẹ́ kí n sinmi, ẹkún lójoojúmọ́. Àbúrò ọkọ mi ló sì fà á. Ó ní ajá kan ní Ìbàdàn, onírun jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, ọṣẹ òyìnbó ló fi ń wẹ̀ ẹ́, inú ẹ́síì ló ń sùn, gbogbo ìgbà ló ń fi fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ mi, ó á ní "sọ fún mọ́mì ẹ kí wọ́n ra tìẹ". Ṣé òun ló máa bá mi bọ́ ọ ni? Ìyá tá a jọ ń gbé kọ́ńpáùǹdù náà tún wà ńbẹ̀, kò fẹ́ kí nǹkan kan gbó, kò fẹ́ kí nǹkan kan ṣu, bẹ́ẹ̀ ni adìyẹ tiẹ̀ ń ṣu sẹ́nu ọ̀nà mi láràárọ̀, tí n bá sọ̀rọ̀ á ní mo ń ṣe fújà. Ẹ bá mi dárúkọ ẹran tí mo lè fi sílẹ̀ láàárọ̀ di alẹ́, tí kò ní pariwo, tí kò ní rùn, tí kò ní gbowó lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe ajá o. A ti sin ajá, ó ti tó. Ẹ má sì sọ pé kí n ra bèbí oníke, wọ́n ti fi yẹn ṣe mí yẹ̀yẹ́ níbi iṣẹ́.

Àǹtí Ìyìn:
Ológbò ni o jàre. Èmi náà kì í gbélé. Ológbò ń sùn ju wákàtí 12 lọ lóòjọ́, tẹ́ ẹ bá ti jáde oorun ló máa lọ sùn, kò mọ̀ pé ẹ jáde. Ẹ wá ọpọ́n kan, ẹ da iyanrìn sí i, ẹ gbé ọmọ ológbò síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òun fúnra ẹ̀ á máa lọ ṣu síbẹ̀, á tún fi ọwọ́ bò ó, kí ẹ sáà máa kó o dànù lójoojúmọ́ ni kò fi ní rùn. Tèmi pa gbogbo eku ilé ìdáná mi tán, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ pa tàwọn ará ẹ̀yìnkùlé, á gbé e wá há mi lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni gbé ẹ̀bùn wá. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ nìkan ló dùn mí ní ìnáwó.

Bàbá Ìjerò:
Ológbò kẹ̀? Nílé tí baálé ò sí? Ọmọ mi, má gbọ́ tiwọn. Àwọn àgbà ti rí nǹkan kí wọ́n tó máa sá fún un. Ojú tó fi ń woni lóru nìkan ti tó.

Àǹtí Ìyìn:
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Eku tó jẹ ìwé ẹ̀rí mi ni àjẹ́, kì í ṣe ológbò mi.

Ọ̀dọ́ Ìkéré:
Ẹja! Ẹ má wá ẹran míì. Mo ní ẹja nínú gíláàsì ní pálọ̀, tí n bá ti ibi iṣẹ́ dé tí mo wò ó báyìí, gbogbo ìdààmú á kúrò lára. Ṣùgbọ́n mo máa sọ òótọ́ fún yín, àwọn góòlùfíìṣì ni mo kọ́kọ́ rà, wọ́n ń fẹ́ ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi, NEPA mú iná lọ lóru, jẹ́ń ò lépo, ilẹ̀ mọ́ gbogbo wọn ti léfòó. Mo sunkún o, ẹ má rẹ́rìn-ín. Èyí tí mo ń sìn báyìí ni wọ́n ń pè ní betta, òun máa ń gòkè wá mí afẹ́fẹ́ lójú omi, kò nílò ẹ̀rọ kankan, kò sì nílò iná. Ẹyọ kan ni kẹ́ ẹ rà, tẹ́ ẹ bá kó akọ méjì sínú omi kan ìjà ló máa pa wọ́n. Oúnjẹ ẹ̀ kò ju bíńtín lọ. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba lẹ̀ ń lò, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú báàkẹ́tì kí kílórínì ẹ̀ lọ kẹ́ ẹ tó dà á fún un, má ṣe pààrọ̀ gbogbo omi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ Oǹdó N'Ékìtì:
Ajá tí wọ́n sìn tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti fi se ata ni? Kí wọ́n pè mí o 😂😂

Olùtọ́jú Ẹran Ọ̀yẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Iṣẹ́ mi ni mo fi ń béèrè, kì í ṣe àwàdà. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ajá yẹn? Tó bá jẹ́ pé ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ló ṣu kú, àrùn náà lè wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ọmọ ajá míì tẹ́ ẹ bá gbé wá á kó o. Ṣé ó gba abẹ́rẹ́? Ọdún mélòó sì ni ọmọ yín?

Ìyá Tèmi:
Ọ̀dọ́ Ìkéré, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n ẹja ò ṣeé gbá mọ́ra, mo sọ fún ọmọ náà, ó ní ẹja ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀. Ti ológbò yẹn, bọ̀bọ́ ò ní ìṣòro, ìyá ọkọ mi ni, tí wọ́n bá wá kí wa tí wọ́n bá rí i, ó di ìpàdé ẹbí. Lándílọ́ọ̀dù náà ti ní òun ò fẹ́ rí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin mọ́ nínú ilé òun. Adìyẹ ìyá yẹn ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, ó rí ọ̀nà lọ.

Ìyá Ìbejì:
Haa, ẹ ò wá sọ pé lándílọ́ọ̀dù ti kọ̀! Ìyẹn ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ kúrò nílé kílẹ̀ tó mọ́, ẹ wọlé lálẹ́, ta ló wá ń wo ọmọ? Ẹni tí kò ráàyè wo ọmọ ló fẹ́ ráàyè wo ẹran. Nǹkan ẹlẹ́mìí ni o, kì í ṣe tẹlifísàn.

Ìyá Tèmi:
Ìyá Ìbejì, àwọn ọmọ mi ń jẹun, wọ́n ń lọ sí lẹ́sìn, ẹnìkan wà tó ń wò wọ́n títí mo fi ń dé. Tẹ́ ẹ bá ní ìmọ̀ràn ẹ mú un wá. Ṣé ẹ fẹ́ kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni?

Ará Ẹ̀fọ̀n:
Ahun ló yẹ wọ́n. Kì í gbó, kì í fò, tẹ́ ẹ bá rìnrìn-àjò ọjọ́ méjì kò ní kú. Ẹ̀fọ́, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, ó ti yó. Bàbá bàbá mi ní ọ̀kan, wọ́n lu ihò sétí ìkarahun ẹ̀, wọ́n so okùn mọ́ ọn, bàbá kú, ahun ò kú. Lọ́jọ́ kan ló kúrò nílé, ẹ rò ó wò o, ahun! A wá a títí, ilé ẹlẹ́mu la ti bá a.

Olùtọ́jú Ẹran Ọ̀yẹ́:
Ẹ má lu ihò sí ìkarahun ahun mọ́ o. Ara ẹ̀ ni, ó ń dùn ún. Ahun ò le tọ́jú lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú páálí kọ́ ni ibùgbé ẹ̀, ó ń fẹ́ oòrùn àti ilẹ̀ tó máa rìn, ó sì lè gbé ju 50 ọdún lọ, ẹ máa ronú ẹni tó máa jogún ẹ̀. Ọmọ tó bá gbá a mú gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́, àwọn kòkòrò tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru máa ń wà lára ẹ̀.
Mà, ẹ ò tí ì dá mi lóhùn lórí ajá yẹn.

Ọmọ Ìlúpéjú:
Ehoro nìkan ni mo mọ̀. Kì í sábà dún.

Ìyá Ìbejì:
Ehoro tí mo sìn rí, ooru oṣù Ẹrẹ́nà ló pa gbogbo wọn, abẹ́ páànù ni mo gbé kéèjì wọn sí. Ó ń rùn gan-an pẹ̀lú tí wọn ò bá kó ìtọ̀ ẹ̀. Ọjọ́ 31 péré ló fi ń lóyún, ẹ gbé méjì wálé, ẹ máa kà á di ogún.

Bàbá Ìjerò:
Ẹ jẹ́ ká dá wọn nímọ̀ràn odídẹrẹ́. Ẹyẹ iyì. Á máa kí àlejò.

Olùtọ́jú Ẹran Ọ̀yẹ́:
Bàbá, odídẹrẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbó wa nítorí báwọn èèyàn ṣe ń mú un tà. Láti 2017 ni àdéhùn àgbáyé ti fòfin de títa èyí tí wọ́n bá mú nínú igbó sí ilẹ̀ òkèèrè. Tẹ́ ẹ bá sì fi òun nìkan sílẹ̀ láàárọ̀ di alẹ́, á máa fà ìyẹ́ ara ẹ̀ tu ni. Kò yẹ ẹni tí kì í sí nílé.

Ìyá Tèmi:
Gbogbo yín ń pọ́n mi lójú lórí ajá. Ajá ti kú, ó tán! Ẹnì kan ló fún wa ní ọmọ ajá, ajá ìta lásán, kò gba abẹ́rẹ́ kankan, ajá ìletò wo ló ń gba abẹ́rẹ́? Eegun ló há a lọ́fun. Àgbọ̀n ẹ̀ já wálẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, ohùn ẹ̀ há, kò lè gbé omi mì. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu títí, mi ò rí eegun. Ọmọ mi fẹ́ fún un lómi, ó gé e jẹ díẹ̀ ní ọwọ́, kì í ṣe nǹkan bàbàrà, mo fi epo pupa àti sípírítì pa á, ó ti ń jinná. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló kú. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń sunkún. Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ tí mo bi yín.

Olùtọ́jú Ẹran Ọ̀yẹ́:
MÀ. Ẹ jọ̀ọ́. Ìyẹn kì í ṣe eegun. Bí dìgbòlugi ṣe máa ń rí gan-an lẹ sọ yẹn. Ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 nísinsìnyí, bó tilẹ̀ ti pẹ́, kẹ́ ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù ńlá. Kí ẹ pè wọ́n kọ́kọ́ bóyá abẹ́rẹ́ wà ńlẹ̀, EKSUTH, ọsibítù yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Àdó, tàbí ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó.

Ọmọ Ìlúpéjú:
Jésù.

Ìyá Tèmi:
Dìgbòlugi kẹ̀? Ajá yẹn ò sínwín, kò lé ẹnikẹ́ni, jẹ́jẹ́ ló jókòó sábẹ́ àga. Ẹ má dẹ́rù bà mí.

Olùtọ́jú Ẹran Ọ̀yẹ́:
Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń sáré kiri. Òmíràn á dákẹ́, á sá sí òkùnkùn, àgbọ̀n ẹ̀ á rọ, kò ní lè gbé nǹkan mì. Òun gan-an ló ń tan àwọn èèyàn tí wọ́n fi ń tọwọ́ bọ ẹnu ẹ̀ wá eegun. Nínú ọmọ èèyàn ó lè fi oṣù méjì mẹ́ta fara pamọ́, ìgbà míì kò tó bẹ́ẹ̀, ìgbà míì ó jù bẹ́ẹ̀. Egbò jíjinná ò túmọ̀ sí nǹkan kan. Kó tó farahàn ni abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́, tó bá ti farahàn, kò sí oògùn.

Bàbá Ìjerò:
Láyé àtijọ́, ẹ̀dọ̀ ajá náà la máa ń fún ẹni tó gé jẹ.

Àǹtí Ìyìn:
Bàbá, ẹ dákẹ́ báyìí, ẹ jọ̀ọ́! Ìyá Tèmi, Bàsìrì ni mo wà, mo ní ọkọ̀, ẹ fi ibi tẹ́ ẹ wà ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀.

Ọmọ Oǹdó N'Ékìtì:
Mà, òkú ajá náà dà?

Ìyá Tèmi:
Àwọn ọmọkùnrin tó ń lu bíríkì lẹ́yìn ilé ló ní àwọn máa bá mi sin ín.

Ọmọ Oǹdó N'Ékìtì:
Wọn ò sin nǹkan kan. Mo ń jẹ ajá, mo mọ ohun tí mo ń sọ.

Olùtọ́jú Ẹran Ọ̀yẹ́:
Ẹ lọ bá wọn. Èyí tó ti jinná nínú ìkòkò kọ́ ni ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí, ẹni tó dúńbú ẹ̀, tó la orí ẹ̀, tó bá ní egbò lọ́wọ́ ni. Kí òun náà lọ sí ọsibítù.

Ìyá Tèmi:
Mi ò ní àyè lọ́la o, ọ̀gá mi ti kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá Ìbejì:
Ọ̀gá wo? Dìde!!!

Ìyá Tèmi:
(ní ọ̀sán ọjọ́ kejì) Àǹtí Ìyìn gbé wa lọ lálẹ́ àná, Ọlọ́run á sàn án fún wọn. Wọ́n fọ ọwọ́ ọmọ, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ní apá, wọ́n tún fún un ní èyí tí wọ́n ń fún yí ojú egbò ká, wọ́n kọ ọjọ́ tó máa padà wá sínú káàdì. Owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré, àbúrò ọkọ mi ló fi ránṣẹ́ kí ọkọ mi tó gbé fóònù. Àwọn oníbíríkì ní àwọn sin ín, ọ̀kan nínú wọn kò wò mí lójú, mo ti sọ tèmi fún un. Mo wà nínú ọkọ̀ Ìkọ̀lé báyìí.

Olùtọ́jú Ẹran Ọ̀yẹ́:
Ẹ ṣeun mà. Ọjọ́ kẹta àti ọjọ́ keje ẹ má yẹ̀ ẹ́, ẹ gba gbogbo ẹ̀ pé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tọwọ́ bọ ajá lẹ́nu ńkọ́? Ẹ sọ fún wọn?

Ìyá Tèmi:
Wọn ò bi mí. Kò gé mi jẹ. Ọ̀bẹ ewédú ti gé mi ní ìka díẹ̀ kó tó dìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ìyẹn kékeré ni.

Olùtọ́jú Ẹran Ọ̀yẹ́:
Itọ́ wọ inú egbò. Ọ̀kan náà ni.

Ìyá Ìbejì:
Ìyá Tèmi, mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ ọ́.

Ìyá Tèmi:
Ó dáa, ó dáa. A ò tí ì dé Ìfàkì. Mo máa sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, kí n wọ ọ̀kadà lọ sí Ìdó. Ẹ bá mi wá irọ́ tí mo máa pa fún ọ̀gá mi.

Àǹtí Ìyìn:
Irọ́ wo? Ẹ ya fọ́tò káàdì ọsibítù ránṣẹ́ sí i.

Ọ̀dọ́ Ìkéré:
Mà, nípa ti ọmọ, mo ní betta kan sí i, mo lè fún un pẹ̀lú gíláàsì ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Kò ní ẹsẹ̀ kankan, lándílọ́ọ̀dù ò lè sọ̀rọ̀.

Ìyá Tèmi:
Mo ti pè é. Ó ní ṣé pupa ni.