Wálábì Avocet: ṣé ẹran tí wọ́n tọ́ nínú ọgbà lè dá dúró nígbó?

Àdùkẹ́_Rocky:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Rockhampton ní Ọsirélíà ni mo ń gbé, ọ̀rọ̀ wálábì kékeré tí ìlà funfun gba èjìká rẹ̀ kọjá, bridled nailtail, sì ká mi lára (wálábì jọ kangarú, àmọ́ ó kéré sí i, inú àpò ikùn rẹ̀ ló ń gbé ọmọ sí). Láti 1937 ni wọn ò ti rí i mọ́, gbogbo ayé gbà pé ó ti run. Àfi ní 1973 tí ọkùnrin kan tó ń fi wáyà ṣe ọgbà rí i lẹ́bàá ìlú Dingo. Ó ti ka nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ìdí nìyẹn tó fi dá a mọ̀. Mo wá gbọ́ pé ní Avocet, igbó kan tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹran ní Queensland, wọ́n ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ sínú ọgbà kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Ṣé kò ní sọ wọ́n di ẹran ilé?

BàbáTóbi:
Àdùkẹ́ àbúrò mi, mo ti bá wọn ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Torí ológbò ìgbẹ́ ni wọ́n ṣe ọgbà náà. Òyìnbó ló kó o dé ilẹ̀ yẹn. Bí ẹ̀rù bá ba ọmọ wálábì, abẹ́ igbó ló ń wọ́ wọ̀, á nà gbalaja mọ́lẹ̀, kò ní mira. Àṣá lè má rí i, ológbò á wá a kàn. Ṣùgbọ́n bó bá ti tó 3 kílò, apá ológbò kì í sábà ká a mọ́. Ohun tí ọgbà wà fún nìyẹn. Inú igbó Avocet náà ló wà, koríko tí ìyá rẹ̀ ń jẹ lòun náà ń jẹ.

Inú àpò aṣọ la ti ń wọ̀n wọ́n. Bí ojú rẹ̀ bá ti bọ́ sókùnkùn, á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo fọwọ́ kan ṣóńṣó ìrù rẹ̀, èékánná kékeré kan le koko níbẹ̀. Ìwádìí Yunifásítì New South Wales tó jáde ní 2021 sọ pé 89 nínú 100 àwọn tí wọ́n tọ́ báyìí ló yè.

Olúfúnkẹ́:
Òótọ́ ni bàbá sọ. Bíbí kọ́ ló le. Ẹ wo ti wálábì orí àpáta ní ìpínlẹ̀ Victoria: wọ́n á gbé ọmọ láti àpò ìyá rẹ̀ sí àpò wálábì ẹ̀yà mìíràn. Oyún mìíràn ti wà nínú ìyá tó ń dúró de àyè, kò ju bí oṣù kan lọ kó tún bí. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn lọ sí òkè Grampians níbẹ̀ ní 2008, ọ̀pọ̀ wọn kú, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì wà lára ohun tó ń pa wọ́n.

Àdùkẹ́_Rocky:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ó ti yé mi. Kí ló dé tí wọn ò kúkú fi wáyà yí gbogbo igbó náà ká?

BàbáTóbi:
Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní igbó Scotia àti Pilliga ní ìpínlẹ̀ New South Wales, ó sì dáa. Ṣùgbọ́n owó ńlá ni, ẹran tí kò rí ológbò rí kò sì ní mọ̀ ọ́n sá fún. Ti Avocet tẹ́ mi lọ́rùn jù: ọmọ nìkan ni wọ́n ń dáàbò bò, àgbà ń gbé ìta pẹ̀lú ọ̀tá rẹ̀. Kí wọ́n ṣáà má dẹ́kun pípa àwọn ológbò ìgbẹ́ yẹn.