Ẹni tó ń rì sómi kì í sábà pariwo

Ẹ̀yin ará Iléṣà, fíìmù ló kọ́ wa pé ẹni tí omi ń gbé lọ á máa ké "Ẹ gbà mí o!", á sì máa ju ọwọ́ sókè. Igbe yẹn la máa ń dúró dè. Ẹni tó ṣì lágbára lè ké lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá ti ń rì, ẹnu rẹ̀ á máa wọ omi, á máa jáde. Ìwọ̀nba àyè tó bá rí, èémí ló fi ń mí. Ọwọ́ rẹ̀ náà kò ráyè pe èèyàn, torí ó ń fi méjèèjì tẹ omi mọ́lẹ̀ kí orí lè yọ. Ẹ wò ó dáadáa: orí dà sẹ́yìn, ẹnu àti ojú omi dọ́gba, ó ranjú, ó dúró ṣánṣán bí ẹni tó ń gun àkàbà, síbẹ̀ kò kúrò lójú kan. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 60, ó lè ti wọlẹ̀. Ọmọ tó ń ṣeré lómi ń pariwo. Bí ariwo rẹ̀ bá dákẹ́ lójijì, ẹ yíjú síbẹ̀ kíá. Ẹ bi í pé, "Ṣé kò sí?" Bí kò bá dáhùn, ẹ má bi í lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó dìde.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ òkè yìí, ẹ ṣeun gan-an. Èyí tó ń dùn mí jù ni kòtò tí àwọn tó ń wa góòlù fi sílẹ̀ lápá Ìtagúnmodì. Òjò á kún un, á pa rọ́rọ́, àwọn ọmọ á sì rò pé bí etí odò ló rí, níbi tí omi ti ń dé kókósẹ̀ kó tó dé orúnkún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òòró ni wọ́n gbẹ́ ẹ, ìgbésẹ̀ kan péré, ilẹ̀ ti tán lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí ọmọ bá ní kí òun di etí kòtò mú gòkè, amọ̀ tó ti rọ̀ á máa ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ẹni tó bẹ́ sí i láti yọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń di ẹni kejì tí wọ́n ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ́ sí i. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì lítà 10, ẹ bu omi díẹ̀ sí i kó lè ṣeé jù jìnnà (òfìfo kì í lọ, afẹ́fẹ́ á dá a padà), ẹ dé e pinpin, ẹ so okùn mọ́ ọn létí. Ẹ jù ú kọjá ẹni náà, kí ẹ wá rọra fà á dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ dojú bolẹ̀ kí ẹ tó fa ẹni náà, kó má baà fà yín wọ omi.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Ọlúmìrìn, omi tó ń já bọ́ láti orí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kún un. Oòrùn lè máa ràn níbi tí ẹ dúró sí kí òjò máa rọ̀ lórí òkè tí omi yẹn ti ń bọ̀. Ojú ọ̀run kọ́ ni kí ẹ máa wò, omi gan-an ni. Tó bá ń dàrú, tí ewé àti igi wẹ́wẹ́ ń bá a wá, tí ìró rẹ̀ ń wúwo sí i, ẹ kúrò nínú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má padà lọ mú bàtà. Ẹ̀gbẹ́ tó bá sún mọ́ yín ni kí ẹ gùn, kódà bí àwọn ẹgbẹ́ yín bá wà lódìkejì.