Mábù àbí gíránáìtì fún orí káńtà ilé ìdáná? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Súrùlérè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. A fẹ́ tún ilé ìdáná wa ṣe kí Kérésì tó dé. Pákó orí káńtà ti wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì. Ọ̀dà lásán ló wà lára ògiri ẹ̀yìn sítóòfù, epo pupa sì ti bà á jẹ́ kọjá fífọ̀. Bàbá wọn ń fẹ́ mábù funfun. Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, ojoojúmọ́ la ń dáná: ọbẹ̀ ata, ẹ̀fọ́, ẹran dídín. Owó ò pọ̀ lọ́wọ́ o. Kí ni kí n rà, báwo ni màá sì ṣe tọ́jú ẹ̀? Ṣé gíláàsì ni kí n fi sẹ́yìn sítóòfù ni, àbí táìlì?

Onítáìlì, Mushin
Mà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra mábù síbi tí ẹ ti ń gé tòmátò. Ohun tó pọ̀ jù nínú mábù náà ló wà nínú ìkarahun ìgbín, nǹkan kíkan sì máa ń jẹ ẹ́: ọsàn wẹ́wẹ́, tòmátò, fínígà. Ibi tó bá kàn ò ní dán mọ́. Ìdọ̀tí kọ́ nìyẹn, ọṣẹ ò lè bọ́ ọ. Àfi kí wọ́n fi ẹ̀rọ tún un dán.

Gíránáìtì ni kí ẹ rà. Àmọ́ tí ẹ bá dé ọjà Coker ní Òrílé, ẹ mú ọsàn wẹ́wẹ́ dání. Ẹ tọrọ àfọ́kù òkúta náà, ẹ fún omi ọsàn sójú ibi tó ń dán, ẹ ní sùúrù díẹ̀ kí ẹ tó nù ún. Tí ibẹ̀ ò bá dán mọ́, mábù tàbí òkúta bíi tirẹ̀ ni, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á pè é.

Epo lè wọ inú gíránáìtì náà, pàápàá èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́, nítorí náà kí wọ́n fi síílà kùn ún, ìyẹn oògùn tó ń dènà omi àti epo. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ kán omi lé e, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Tí ibẹ̀ bá dúdú, ó ti tó àkókò láti tún un kùn.

Àǹtí Olóúnjẹ, Yábàá
Táìlì ni o, Ìyá Ìbejì. Gíláàsì rọrùn láti nù lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi iná sè kó lè le, wọn kì í gé e mọ́ lẹ́yìn náà. Ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ti wà lára rẹ̀ ṣáájú. Gíláàsì fèrèsé lásán, ooru gáàsì lè là á.

Ẹ mú táìlì ńlá, kí ojúùpàdé rẹ̀ má pọ̀. Símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń dí ojúùpàdé ló ń mu epo, kì í ṣe táìlì. Tí owó bá gbà, ẹ ní kí wọ́n fi ipọ́sì, ìyẹn gọ́ọ̀mù líle tí kì í mu epo, dí ojúùpàdé ẹ̀yìn sítóòfù nìkan. Alẹ́ ni kí ẹ máa nù ún, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọwo ti tó.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹnì kan ní quartz dára ju gíránáìtì lọ?

Onítáìlì, Mushin
Òkúta àtọwọ́dá ni quartz yẹn. Kò nílò síílà, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀: ìkòkò ẹran dídín tí ẹ bá gbé kúrò lórí iná lé e lórí tààrà lè fi àpá sílẹ̀.

Bàbá Káfíńtà, Agége
Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ pákó tó wú yẹn o. Ẹ má gbé òkúta lé kábínẹ́ẹ̀tì tí omi ti wọ̀! Gíránáìtì tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 wúwo tó nǹkan bíi kílò 54 lórí mítà kan níbùú lóròó. Kí wọ́n yọ síǹkì, kí wọ́n wo abẹ́ rẹ̀ àti páìpù, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo pákó tó bá rọ̀.

Ibi tí òkúta ti pàdé ògiri, sílíkọ́ọ̀nù ni kí wọ́n fi dí i. Símẹ́ńtì funfun máa ń là níbẹ̀, omi á sì gba ibẹ̀ padà sínú pákó. Ẹ sọ fún Màmá pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí wọ́n má gún ata lórí ibi tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níwájú síǹkì. Ibẹ̀ ni gíránáìtì ti sábà máa ń kán.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣé, Bàbá. Màá pe oníṣẹ́ páìpù ná kí n tó lọ sí Òrílé.