Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀gá wa tí mo béèrè

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Mo béèrè níjọ́sí bí mo ṣe lè fi ìmoore hàn sí ọ̀gá ilé ìwé wa ní Kábà, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tó sì ń fà mí lọ́wọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sọ mí di igbákejì wọn.

Lẹ́tà ló ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tó ní kí n má kọ "ẹ ṣeun" lásán, kí n kọ ohun tí wọ́n kọ́ mi gan-an, mo dúpẹ́. Mo kọ ọ́ pé wọ́n jókòó tì mí títí tí táìmù-tébù fi gún, àti pé bí òbí bá gbé ìbínú wá, wọ́n á jẹ́ kí n sọ tèmi tán kí wọ́n tó lanu. Mo kà á ní ìpàdé olùkọ́. Màmá, ìyẹn ọ̀gá wa, bọ́ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n tún nù ún. Ẹ̀dà kan ti wọ fáìlì iṣẹ́ wọn ní Lọ́kọ́ja, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa.

Owó aṣọ tí a dá jọ fún wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yọrí. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní ká fi tún àga kíláàsì ṣe. Kò yà mí lẹ́nu. Iṣu tí mo gbé lọ sílé wọn nìkan ni wọ́n gbà.

Ó wá ku ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyẹn di ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ̀yìn tì.