Ẹ gbà mí o: ibo ni kí n ti ka ìtàn Australian Corps?

Akẹ́kọ̀ọ́Ìtàn: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo ni kí n kà lórí Australian Corps, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá ti Ọsirélíà, nígbà ogun? Ọjọ́ Ajé ni mo máa sọ̀rọ̀ ní kíláàsì.

BàbáÌwé: Ogun wo? Tó bá jẹ́ Ogun Àgbáyé Àkọ́kọ́, oṣù Kọkànlá 1917 ni wọ́n kó dífíṣọ̀n (ìpín ọmọ ogun) Ọsirélíà márààrún jọ sábẹ́ Ọ̀gágun Birdwood. Ọ̀gágun Monash gba ipò ọ̀gá náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìparí oṣù Karùn-ún 1918. Ìwé àkọsílẹ̀ ogun wọn ti ojoojúmọ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Australian War Memorial, lábẹ́ àmì AWM4, fáìlì kan fún oṣù kan. Má dúró sójú ewé iwájú, inú àfikún ni àṣẹ ogun àti máàpù wà.

Jagunlabí: Ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń ta fáìlì sójà! Wọ́n gbowó mi, fáìlì ẹlòmíì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ni wọ́n fi ránṣẹ́. Olè paraku!

ÌyáBánkẹ́: Kí lẹ rà? Ọ̀fẹ́ ni B2455, ìyẹn fáìlì àwọn sójà Ogun Àgbáyé Àkọ́kọ́, ní National Archives of Australia. Nọ́ńbà sójà nìkan kò tó, torí ẹgbẹ́ ogun kọ̀ọ̀kan ló ń fún tiẹ̀. Kí orúkọ, nọ́ńbà àti orúkọ mọ̀lẹ́bí bára mu.

Jagunlabí: Ta ló sọ fún wa pé ọ̀fẹ́ ni? Olè ni wọ́n!

Àjàní_K: Ogun Kokoda ní Papua ni kó kà. Ní 1942, Ọ̀gágun Rowell ló ń darí I Corps ti Ọsirélíà ní Port Moresby kí Blamey, ọ̀gá rẹ̀, tó yọ ọ́.

BàbáÌwé: Ẹ̀gbọ́n, Ogun Àgbáyé Kejì nìyẹn. Àbúrò, ogun Hamel ní ilẹ̀ Faransé ni kó o dì mú, 4 oṣù Keje 1918. Àwọn ọmọ Dífíṣọ̀n Kẹrin kò fọkàn tán ọkọ̀ ogun onírin mọ́ látìgbà tó já wọn kulẹ̀ ní Bullecourt ní 1917, ni Monash bá ní kí wọ́n jọ fi dánra wò. Ọgọ́ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, Mark V, ló jáde. Ṣáájú ọjọ́ náà, wọ́n ti ń fi gáàsì pọ̀ mọ́ èéfín kí ó lè mọ́ àwọn ará Jámánì lára láti máa wọ ìbòjú gáàsì. Lọ́jọ́ ogun, èéfín lásán ni. Bàálù ń fi páráṣúùtì sọ ọta ìbọn sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 90 ni wọ́n ṣètò fún ogun náà, 93 ló gbà. Ìdìpọ̀ kẹfà ìwé ìtàn ogun tí Bean, òpìtàn ìjọba Ọsirélíà, kọ ni kó o kà, kì í ṣe ìwé tí Monash fúnra rẹ̀ kọ ní 1920. Ìyìn ara ẹni pọ̀ nínú ẹ̀.

ÌyáBánkẹ́: Bean náà ńkọ́? Òun àti Murdoch, oníròyìn, kọ́ ló sapá kí Monash má gba ipò ọ̀gá Australian Corps?

BàbáÌwé: Ìyẹn kò ba iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìtàn: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti wa ìwé Monash jáde, ó kúrú ju ti Bean lọ. Òun náà ni màá lò.