Táyà àti rímù wo ni kí n rà fún Mazda MX-5?
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìlọrin ni mo wà, Mazda MX-5 ọdún 1999 ni mò ń wà. Táyà 195/50R15 (rímù íńṣì 15) ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ti pá débi pé wáyà ń yọjú, kòtò ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo sì ti tẹ rímù iwájú kan.

Táyà tòkunbọ̀ tí wọ́n fi hàn mí ń dán, àmọ́ 2316 ló wà lára rẹ̀: ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Ó ti gbó jù fún mi.

Mo ń rò ó kí n bọ́ sí rímù íńṣì 14 pẹ̀lú táyà 185/60R14 tuntun. Gíga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣé rímù Corolla àtijọ́ oníhò mẹ́rin, 4x100 (ihò bóòtù mẹ́rin lórí òbìrípo tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 100), á wọ̀ ọ́ láìkan bíréèkì? Èló ni wọ́n ń tà á báyìí?