Ìdí tí aládùúgbò mi kò fi pe ọlọ́pàá

Láti ọdún 2016 ni mo ti ń gbé ní ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Iowa, ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa ẹlẹ́dẹ̀ ti gba ọ̀pọ̀ àjèjì síṣẹ́, tí àwọn ará Mẹ́síkò àti Guatemala sì pọ̀ jù nínú wa. Lálẹ́ ọjọ́ tí a gbowó, olè fọ́ ilé aládùúgbò mi. Mo na fóònù sí i kó fi pe ọlọ́pàá, ó ti ọwọ́ mi padà. Èmi, tí mo ti ibi tí ẹni tí olè jà ti ń fi owó ara rẹ̀ ra bébà ní tésàn wá, kọ́kọ́ rò pé ìnáwó ló ń sá fún. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun wà lára àwọn 389 tí ìjọba àpapọ̀ kó nítorí ìwé ìgbélùú ní ilé-iṣẹ́ ẹran ní Postville, ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, àti pé láti ìgbà náà, ọ̀kan náà ni gbogbo ẹni tó bá so ìbọn mọ́dìí lójú òun.

Ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú wa wá sí Míísà èdè Sípéènì, ó sì ṣèlérí pé àwọn ọmọ òun kì í béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ẹni tí olè jà. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n Iowa kì í fún ẹni tí kò ní ìwé ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀. Bí wọ́n bá sì mú un lójú ọ̀nà, àhámọ́ ṣẹ́rífù, agbófinró tó ń ṣọ́ ẹ̀wọ̀n àgbègbè, ni yóò ti tẹ̀ka, àmì ìka náà kì í sì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n. Òfin ìpínlẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 2018 kò sì fún ṣẹ́rífù náà láyè láti kọ̀ bí wọ́n bá ní kó dá ẹni náà dúró dè wọ́n.

Èsì òǹkàwé kan: Ẹ kú ìrírí, ẹ̀gbọ́n. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ní ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Georgia tí mo ti ń tọ́jú arúgbó, ọkọ obìnrin ará Honduras kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lù ú títí apá rẹ̀ fi kán. Èmi ni mo bá a pe ọlọ́pàá, ẹ̀rù sì bà mí ju òun lọ. Ọlọ́pàá tó wá lọ́jọ́ náà gbọ́ èdè Sípéènì (èyí tó wá nígbà kan ṣáájú, ọmọ obìnrin náà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe ògbufọ̀!), òun ló sì là á yé e pé òfin kan wà láti ọdún 2000 tó dá físà U, ìyẹn ìwé tó ń fúnni láyè láti gbé ní Amẹ́ríkà, sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá ṣe irú ibi bẹ́ẹ̀ sí, bí ó bá ran ọlọ́pàá lọ́wọ́, tí ọlọ́pàá sì bu ọwọ́ lu ìwé rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni ọ̀gá wọn bu ọwọ́ lù ú. 10,000 péré ni ìjọba ń fún jáde lọ́dún, ó sì ti di ọdún kẹfà tó ti ń retí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jí kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ lóṣù tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló pe tésàn.